Ṣé owó ni ọwọ́ yẹn ń wá?

Ọjọ́rú. Gwagwalada. Màlúù 11, dókítà ẹran tuntun 4, eruku tí kò lóǹkà.

Gbólóhùn Alájì tó ni màlúù ni kò kúrò létí. Ó jókòó lé kẹ́ẹ̀gì, ó ń wo dókítà ọmọ Ìsẹ́yìn bó ṣe ń ti ọwọ́ bọ ihò ìdí màlúù láti yẹ oyún rẹ̀ wò, ló bá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní lédè Hausa: ṣé owó tó sọnù ni ọwọ́ yẹn ń wá? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Dókítà ní, "Ọ̀gá, kí ni wọ́n wí?" Mo ní, "Wọ́n ní kí o rọra." Irọ́ kọ́ náà ni, àmọ́...

Wọ́n ṣe gbogbo ti ìta pé: wọ́n gé èékánná, wọ́n bọ́ òrùka, ìbọ̀wọ́ dé èjìká, ọṣẹ olómi, ìka márààrún kó jọ ṣóńṣó. Ìfun ló ń dán wọn wò. Bó bá fún mọ́ ọ lápá, má tì í. Jẹ́ kí ọwọ́ dákẹ́ síbẹ̀ títí tí yóò fi tú. Bí o bá ń bá a jà, afẹ́fẹ́ á kún un, á le gbandi bí awọ ìlù, o ò ní mọ nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Fi ìka kan kọ́ ibi tó fún níwájú, rọra fà á sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ á jáde. Bí ẹ̀jẹ̀ bá hàn lára ìbọ̀wọ́, fi màlúù yẹn sílẹ̀ lónìí.

Ọwọ́ tó ń wá owó ló ń fa ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tó rọra jù náà, apá á kú tipiri, kò ní mọ ohun tó fọwọ́ kàn mọ́. Èwo ni ká wá sọ fún wọn?

Igi tí wọ́n fi dábùú ẹ̀yìn ẹsẹ̀ màlúù tún ga jù! Bí ẹran bá wó lójijì, apá dókítà ló máa kán mọ́ ọn. Mo ti sọ èyí títí.

Wọ́n tún ń na ọwọ́ jìnnà jù nínú ìfun. Èyí tí kò lóyún, orí egungun ìbàdí ni gbogbo ilé ọmọ rẹ̀ wà: fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀ egungun náà, wàá kan ọrùn ilé ọmọ, ó le bí ọrùn adìẹ. Bí oyún bá ti tó oṣù mẹ́rin, ilé ọmọ ti rọ̀ sínú ikùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pariwo pé òfìfo ni. Àpò ìtọ̀ tó kún náà ń tanni jẹ, ṣùgbọ́n kò ní ìwo méjì bíi ti ilé ọmọ. Ohun tó ń dáni lójú ni àwọn kókó pẹlẹbẹ tó so ọmọ mọ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n ń yọ̀ lábẹ́ ìka, wọ́n rí bíi...

Bíi kọ́bọ̀. Owó náà ni, Alájì.

Ó sì ti mọ èyí tó lóyún kí a tó dé. Iye oṣù ló fẹ́ gbọ́. Ọ̀la, ewúrẹ́. Ìyẹn ò tiẹ̀ gba ọwọ́.