Ẹ kà á síta

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sọ pé lọ́jọ́ kan ẹ máa ka ìwé Fágúnwà fún ọmọ yín, ẹ dákun, ẹ má fi falẹ̀ bíi tèmi.

Sátidé tó kọjá ni mo rí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé àlòkù ní Yábà. Ara mi gbọ̀n. Òun ni bàbá mi máa ń kà fún wa ní Mushin tí iná bá ti lọ, àtùpà níwájú, àwa mẹ́rin lórí ẹní. Tó bá dé ọ̀dọ̀ Kàkò oníkùmọ̀ ẹkùn, á máa fọwọ́ lu àga. Tó bá kan Olóhùn-iyọ̀, á dá orin. N kò tilẹ̀ ná ìwé náà.

Lálẹ́, mo pe ọmọ mi, ọmọ ọdún 9, ó jókòó tì mí. Bí mo ṣe ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Gbólóhùn yẹn gùn, n kò mọ ibi tí mo ti máa mí. Mo ka ọ̀rọ̀ kan, mo padà, mo tún un kà, kò bọ́ sí i. Ọmọ ń wo ẹnu mi. Ó wá rọra bi mí pé, “Mọ́mì, ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n kà ni?” Mo ní kó lọ sùn. Mo wọ kíṣìnnì, mo ṣí omi ẹ̀rọ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi.

Kì í ṣe pé n kò gbọ́ Yorùbá o. Òun ni mo fi ń tajà ní Ìdúmọ̀tà lójoojúmọ́. Kíkà rẹ̀ ni mo ti pa tì láti ilé ìwé.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkòròdú, ó kà á fún mi lórí fóònù, ó wọlé. Ní báyìí, ewé méjì lálẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ẹ kà á síta. Ẹ má fi ojú lásán kà á. Láti 1938 tí ìwé yẹn ti jáde, ọ̀rọ̀ ẹnu ni: bàbá arúgbó kan ló ń sọ ọ́, akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn èèyàn sì ń pé jọ wá gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ kà á síta fún ara yín kí ẹ tó pe ọmọ. Ohun tí n kò ṣe nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ pé ọmọ ọdún 9 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá bi yín ní irú ìbéèrè tó bi mí, ẹ má lé e lọ sùn, òótọ́ ló sọ. Ẹ sáà kà á síta. Bí ẹ bá ṣi ohùn pè, etí yín á tún un ṣe.

Lánàá a dé ibi tí Àkàrà-ògùn, ọdẹ inú ìwé náà, ti bá iwin tó ń jẹ́ Àgbákò jà. Ọmọ mi kò gbà láti sùn àfi ìgbà tí mo tún un kà.