Ọdún ni mo há sórí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà lórí ọ̀rọ̀ àwùjọ, ẹ má kà á bí mo ṣe kà á. Ọdún ni mo ń há sórí. 1891, Rerum Novarum, lẹ́tà Póòpù Leo Kẹtàlá: owó ọ̀yà tó gbọ́ bùkátà. 1995, Evangelium Vitae, lẹ́tà Póòpù John Paul Kejì: oyún ṣíṣẹ́, àti gbígba ẹ̀mí aláìsàn torí kí ìrora rẹ̀ lè tán. Mo yege ìdánwò, ṣùgbọ́n lọ́kàn mi, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà lọ́tọ̀.

Ìpín 27 nínú Gaudium et Spes, ìwé tí Vatican Kejì, àpérò ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ, gbé jáde ní 1965, ló tú àṣírí mi. Ojú kan náà tó ti dárúkọ ìpànìyàn àti oyún ṣíṣẹ́ ló ti dárúkọ oko ẹrú, ilé tí kò yẹ ọmọ ènìyàn, àti ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lo òṣìṣẹ́ bí irinṣẹ́ lásán. Ẹ fi ìka tọ ìlà náà bí ẹ bá ń kà á.

Ti ìdájọ́ ikú ló wá le jù fún mi. Ní 2018, Póòpù Francis yí ìpín 2267 inú Katikísìmù, ìwé ẹ̀kọ́ Ìjọ, padà: a kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i mọ́, torí iyì ènìyàn kì í sọnù, bó ti wù kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ burú tó. Mo bá olùkọ́ mi jà sí i. (Alárìíyànjiyàn ni mí nígbà náà, ó ṣì kù díẹ̀.) Mo ní, "Apààyàn ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ta ló fún un níyì ọ̀hún tẹ́lẹ̀?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Síbẹ̀, ìwé nìkan nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, mo lọ kí bàbá arúgbó kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu wọn. Mo dúró lẹ́bàá ibùsùn, mo ń bi obìnrin tó ń tọ́jú wọn léèrè lókè orí wọn: "Ṣé bàbá ti jẹun?" Kò dá mi lóhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí wọn, ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ṣé ẹ ti jẹun?" Ó wá dúró. Ó pẹ́ débi pé mo ti fẹ́ máa wo aago. Bàbá di ojú wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún là á.

Obìnrin náà wá kọjú sí mi: "Wọ́n ní àwọn ti jẹun."