Ìwé Kánsù ní Ìbàdàn: Bí A Ṣe Ń Béèrè Rẹ̀ Tí Yóò Fi Jáde

Ìwé ìjọba ìbílẹ̀ kì í ṣe ti alága, kì í sì í ṣe ti akọ̀wé tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti aráàlú ni. Òfin FOI, ìyẹn Freedom of Information Act, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, ọdún 2011 ló fún wa lẹ́tọ̀ọ́ sí i, òfin náà sì là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó ń béèrè ìwé kò ní láti ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìpínlẹ̀ kan fi ń jiyàn pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, pé kò kan àwọn. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fòpin sí àríyànjiyàn yẹn ní oṣù kẹrin ọdún 2025: òfin náà de ìjọba àpapọ̀, ó de ìpínlẹ̀, ó de ìjọba ìbílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín ní kánsù pé Àbújá ló ni FOI, ọ̀rọ̀ àná ló ń sọ.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ lẹ́tà táwọn èèyàn ń kọ kì í mú nǹkan kan bọ̀. Lóòótọ́, àwọn ọ́fíìsì kan wà tí kò fẹ́ dáhùn. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́tà fúnra rẹ̀ ló fún wọn láyè láti dákẹ́: ibi tí kò yẹ ló gbà lọ, tàbí ẹ̀sùn ló gbé lọ dípò kó dárúkọ ìwé, tàbí kò sí ẹ̀rí kankan pé ó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ìwé wà. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà ní Ìbàdàn. Márùn-ún wà láàárín ìgboro: Ibadan North ní Agodi Gate, North-East ní Ìwó Road, North-West ní Oníréke, South-East ní Mápó, South-West ní Olúyọ̀lé Estate. Mẹ́fà wà lẹ́yìn ìlú: Akínyẹlé ní Mọníyà, Lágelú ní Ìyànà Ọ̀fà, Olúyọ̀lé ní Ìdí Ayùnrẹ́, Ọ̀nà Àrà ní Akánrán, pẹ̀lú Ẹgbẹ́dá àti Ìdó. Ẹ má ṣe fojú lásán pín àdúgbò o. Ẹ̀gbẹ́ kan títì lè wà lábẹ́ kánsù kan, kí òdìkejì rẹ̀ wà lábẹ́ òmíràn. Ẹ wo rìsíìtì tí àwọn agbowó kánsù ń já fún àwọn ṣọ́ọ̀bù àdúgbò yẹn, orúkọ kánsù wà lórí rẹ̀.

Bí ìwé tí ẹ ń wá bá ti pẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn kánsù márùn-ún ìgboro kò sí kí ọdún 1991 tó dé. Ibadan Municipal Government kan ṣoṣo ló wà nígbà náà, Mápó sì ni ibùjókòó rẹ̀. Lọ́dún 1989 ni wọ́n yọ Ẹgbẹ́dá kúrò lára Lágelú, tí wọ́n yọ Ọ̀nà Àrà kúrò lára Olúyọ̀lé, tí wọ́n sì yọ Ìdó kúrò lára Akínyẹlé. Nítorí náà, ẹni tó ń wá àkọsílẹ̀ ọdún 1985 nípa ilẹ̀ tàbí ọjà kan ní Ẹgbẹ́dá, Lágelú ni kó kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Bí kánsù tuntun bá sọ fún un pé àwọn ò ní fáìlì yẹn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má purọ́ rárá. Ti LCDA, ìyẹn kánsù kéékèèké tí ìpínlẹ̀ yọ lára àwọn kánsù ńlá, kò le: ẹ kọ lẹ́tà sí kánsù tí wọ́n ti yọ ọ́, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí LCDA náà.

Àwọn ìwé kan wà táwọn èèyàn ń wá kiri kánsù tí kò sí níbẹ̀. C of O (Certificate of Occupancy) àti ìwé ilẹ̀ ìgboro tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ ló wà, ní Sẹkitéríàtì Agodi. Ìwé ìbí, àjọ National Population Commission ló ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọgbà kánsù ni òṣìṣẹ́ wọn sábà máa ń jókòó sí; lẹ́tà tí ẹ bá kọ sí alága nípa rẹ̀ kò ní débi kankan. Ìdájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ́jísíra kóòtù náà. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbéyàwó tí wọ́n so ní kánsù, kánsù ló ni rẹ́jísítà rẹ̀. Tiwọn náà ni ìwé ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran àti itẹ́ òkú.

Nínú kánsù fúnra rẹ̀, tábìlì yàtọ̀ sí tábìlì. Akápò ló ni payment voucher, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń sanwó, cash book àti àkọsílẹ̀ owó tó ń wọlé. Ẹ̀ka iṣẹ́ òde, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Works, ló ni BEME, ìyẹn ìwé tó to ohun èlò àti iye owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú sàtífíkéètì pé iṣẹ́ ti dé ìwọ̀n báyìí tàbí pé ó ti parí. Akọ̀wé ilé àwọn kánsẹ́lọ̀ ló ni bye-law, ìyẹn òfin tí kánsù fúnra rẹ̀ ṣe, àti àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn. Lórí ọ̀rọ̀ owó ọjà, bye-law ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, torí òun ló ń sọ iye tí kánsù lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà. Bí agbowó bá ń gba iye mìíràn, ìwé yẹn ni yóò gbè yín lẹ́yìn.

Ó wá ku lẹ́tà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ jù nìyí. Àwọn èèyàn á kọ pé: "Kí ló dé tí ẹ ò tíì parí gọ́tà àdúgbò wa?" Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n kò béèrè ìwé kankan. Òfin fi dandan lé e fún kánsù láti gbé àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. Kò fi dandan lé e pé kí wọ́n jókòó ṣàlàyé ara wọn. Ẹ dárúkọ ìwé, ẹ sọ iṣẹ́ tó kàn, ẹ fi àkókò sí i. Báyìí ni kó rí:

"Lábẹ́ Òfin FOI ti ọdún 2011, mo ń béèrè ẹ̀dà àwọn ìwé wọ̀nyí lórí gọ́tà tí kánsù gbé fún agbaṣẹ́ṣe ní àdúgbò báyìí láàárín oṣù kìíní sí oṣù kejìlá ọdún 2024: lẹ́tà tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà fún un, BEME iṣẹ́ náà, gbogbo payment voucher tí wọ́n fi sanwó fún un, àti sàtífíkéètì tí ẹ̀ka Works fọwọ́ sí. Bí òfin bá yọ apá kan nínú wọn sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bo apá yẹn, kí ẹ fún mi ní ìyókù. Mo ṣe tán láti san owó fọ́tòkọ́pì."

Gbólóhùn tó ní kí wọ́n bo apá kan yẹn kì í ṣe àfikún lásán. Òfin náà gbà pé àwọn nǹkan kan lè wà ní ìpamọ́: ọ̀rọ̀ ara ẹni òṣìṣẹ́, àṣírí òwò, ìwé tó lè ba ìwádìí ọ̀daràn jẹ́. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé bí ibi tó yẹ kó wà ní ìpamọ́ bá ṣeé yọ, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fúnni ní èyí tó kù. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ síbẹ̀, wọn ò ní lè torí nọ́ńbà àkáǹtì agbaṣẹ́ṣe kan há odindi fáìlì mọ́ra.

Alága ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí, kí ẹ kọ "Attention: Head of Local Government Administration" sí i lábẹ́. Alága lè yí padà, ṣùgbọ́n ẹni yìí, tí wọ́n ń pè ní HLA, ni olórí àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni lẹ́tà ń gbà kọjá. Ẹ kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù yín. Torí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín tẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn. Bí ẹnìkan bá sì fẹnu béèrè, iṣẹ́ òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ ni láti kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fún un ní ẹ̀dà kan. Mo fẹ́ kí àwọn ìyálọ́jà wa mọ èyí dáadáa.

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ gbé lọ. Ọ́fíìsì tó ń gba lẹ́tà, tí wọ́n ń pè ní open registry, yóò gba ọ̀kan. Lórí èkejì, ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀, kí wọ́n kọ déètì, kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ rẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé gbogbo rẹ̀ pé. Òǹtẹ̀ tí kò ní déètì kò wúlò, torí déètì yẹn ni gbogbo kíkà dúró lé. Bí wọ́n bá kọ̀ láti lu òǹtẹ̀, ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ kúríà tó ń fúnni ní ìwé pé wọ́n ti gbà á.

Ọjọ́ 7 ni kánsù ní láti dáhùn. Ọjọ́ kejì òǹtẹ̀ ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, Sátidé àti Sọ́ńdè sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà tó wọlé ní ọjọ́ 3, ọjọ́ 10 ni àkókò rẹ̀ pé. Wọ́n lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí ìwé náà bá pọ̀ jù tàbí bí wọ́n bá ní láti kàn sí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó yín létí. Bí ìwé bá wà ní ọ́fíìsì mìíràn, wọ́n lè darí lẹ́tà yín síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ̀wé sí yín pé àwọn ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá padà lọ wo ibi tó dé, ẹ má kàn béèrè pé ṣé ó ti jáde. Lẹ́tà tó bá dé ọ̀dọ̀ HLA, etí ìwé náà ni HLA yóò kọ àṣẹ sí, pé kí akápò tàbí Works wo ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú déètì. Ẹ kí akọ̀wé dáadáa, kí ẹ wá béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni wọ́n darí ẹ̀ sí, ọjọ́ wo sì ni?" Ìdáhùn yẹn ni yóò gbé yín dé tábìlì tí lẹ́tà dúró sí. Akọ̀wé tó wà níwájú yín kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹ̀rù ló ń bà á láti gbé fáìlì sílẹ̀ láìsí ọwọ́ ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ òfin náà dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá fi inú kan tú ìwé sílẹ̀.

Owó tí òfin fàyè gbà kò ju ti ṣíṣe ẹ̀dà àti dídà á kọ níbi tó bá pọn dandan lọ. Kò sí owó fọ́ọ̀mù, kò sí owó wíwá fáìlì. Ohunkóhun tí ẹ bá san, kí rìsíìtì tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ lo ìwé náà ní kóòtù, ẹ béèrè ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí, ìyẹn certified true copy. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní kí òṣìṣẹ́ tó ni ìkáwọ́ ìwé náà kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹ̀dà òtítọ́ ni, kó kọ déètì, orúkọ àti ipò rẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú. Owó tí wọ́n gbà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí. Èyí tí wọ́n kàn lu òǹtẹ̀ bàǹtùbantu lé lórí láìsí orúkọ, lọ́yà òdìkejì lè mú kí adájọ́ kọ̀ ọ́.

Bí wọn ò bá fẹ́ fún yín, kíkọ ni kí wọ́n kọ ọ́: ìdí, apá òfin tí wọ́n dúró lé, orúkọ, ipò àti ọwọ́ ẹni tó pinnu rẹ̀. "Ọ̀gá ò sí nílé" kì í ṣe ìdáhùn. Bí ọjọ́ bá kọjá tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, òfin kà á sí pé wọ́n ti kọ̀. Láti ìgbà náà ẹ ní ọjọ́ 30 láti gba Ilé-ẹjọ́ Gíga lọ. Adájọ́ lè fi kún un, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn. Ìtanràn ₦500,000 wà fún ọ́fíìsì tó bá kọ̀ láìtọ́. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ tàbí yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà kó tó gbé e jáde, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ló kéré jù fún un.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á ní fáìlì ti sọnù. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀yìn wọlé, torí owó kánsù kì í ní àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo. Iye tó ń wá fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti Àbújá, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbé e síta. Auditor-General fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń yẹ ìwé ìṣirò wọn wò. Ẹ lè kọ irú lẹ́tà yìí kan náà sí i. Fún ìwé ayé òyìnbó, National Archives wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n kó fáìlì Oyo Prof (Oyo Province) àti ti Ibadan Division sí. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ àti pẹ́ńsù lọ, nítorí wọn kì í fẹ́ kí báírò sún mọ́ fáìlì. Ẹ wo ìwé àtòjọ orúkọ fáìlì kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, kí ẹ sì da nọ́ńbà fáìlì kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, àmì (-) àti (/) inú rẹ̀ pẹ̀lú, torí òun ni òṣìṣẹ́ yóò fi wá a lórí pẹpẹ.