Eruku Tí Ojú Kò Rí Lẹ́nu Ẹ̀rọ Ìfọ́kúta

Ẹ̀yin ará Kàbà, Ìjùmú àti Yàgbà tí ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, okun o.

Eruku funfun tó bo irun òṣìṣẹ́ kọ́ ló léwu jù. Èyí tó ń dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Sílíkà, èròjà kan tó wà nínú òkúta àti iyanrìn, pọ̀ nínú òkúta gíráníìtì. Ó máa ń dá àpá sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àìsàn tí àpá yìí ń fà kò ní ìwòsàn, ó sì lè lé ní ọdún 10 kó tó fara hàn. Áńkáṣíìfù kò lè dá eruku náà dúró.

Ọ̀gá ló yẹ kó fa omi sí ibi tí òkúta ti ń wọnú ẹ̀rọ àti ibi tó ti ń já sórí bẹ́líìtì. Bí ihò tó ń fọ́n omi bá dí, eruku tún dé, nítorí náà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Kí wọ́n má gbálẹ̀ ní gbígbẹ. Ìbomú N95, èyí tó ń sẹ́ eruku kéékèèké, kàn jẹ́ àfikún ni. Irùngbọ̀n kì í sì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ojú.

Òfin owó gbà-má-bìínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa tàbí tó ṣàìsàn nítorí iṣẹ́. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.