Ohun tí gìtá wa ń sọ: èsì mi sí àwọn ìbéèrè yín

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn orin wa. Láti alẹ́ ọjọ́ tí a ṣeré kẹ́yìn ní Ìbàdàn ni ìbéèrè ti ń wọlé sórí fóònù mi. Àwọn kan kọ tiwọn sílẹ̀, àwọn kan sì fi ohùn ara wọn ránṣẹ́. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì ti tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí mo gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó fèsì. Ẹni tí ó bá jókòó fún wákàtí kan àbọ̀ láti gbọ́ irú orin rọ́ọ̀kì onígìtá tí à ń ṣe, tí ó tún délé tí ó ronú lé e lórí kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tí ó yẹ kí á fi gbólóhùn kan dá lóhùn.

Ìbéèrè tí ó pọ̀ jù lọ ni èyí: kí ló dé tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í kọrin? Bàbá kan láti Òṣogbo ni wọ́n bi í lọ́nà tí ó wọ̀ mí lára jù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo dúró títí, mo ní ẹni tí yóò gbé orin ṣì ń bọ̀, àfi bí ẹ ṣe tẹríba tí ẹ kúrò lórí ìtàgé."

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ dúró. Ẹni tí yóò gbé orin ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, gìtá ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi lu gìtá nínú ìjọ kí a tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ onígángan ni wọ́n sì máa ń gbé àga mi sí. Mo máa ń wo bí ó ṣe ń kí àwọn ènìyàn bí wọ́n bá ti ń wọlé. Ìyá àgbà kan yóò yọ ní ẹnu ọ̀nà, gángan yóò kí wọn, ìyá yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọn yóò sì jó dé ibi ìjókòó wọn, láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu. Èmi tí mo ní okùn mẹ́fà lọ́wọ́, tí iná mànàmáná ń gbé ohùn mi ká gbogbo ilé, n kò lè kí ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí gan-an. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí ẹ ń gbọ́ lónìí ti bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá yọ gbogbo fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì kúrò lára ọ̀rọ̀ Yorùbá, dò, re, mí ni yóò ṣẹ́kù, èyíinì ni ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè. Ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù yìí ni onígángan ń lò, ó sì tó o láti fi ki ọba. Ṣùgbọ́n àwọn ohùn náà kì í dúró gbọin lójú kan. Bí ohùn òkè bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀, bíi ti "ìyá", ńṣe ni ohùn wa ń gun òkè lọ. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá sì tẹ̀lé ohùn òkè, bíi ti "rárà", ńṣe ni ó ń yọ̀ wálẹ̀. Ẹni tí ó gbé gángan há abíyá lè ṣe èyí láìronú, nítorí pé bí ó bá ti ń fún ọ̀sán mọ́ra ni awọ ń le sí i, tí ohùn sì ń ga sí i, bí ó bá sì ti ń dẹ̀ ẹ́ ni ohùn ń sọ̀ kalẹ̀. Gìtá kò rí bẹ́ẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó dábùú ọrùn rẹ̀, àwọn irin yẹn ni ó ń gé ohùn sí wẹ́wẹ́, tí ohùn fi ń fò láti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ìka lásán sọ "ìyá" lórí rẹ̀, ó dà bí àlejò tí ó ń ka Yorùbá láti inú ìwé.

Mo wá gé ọrùn ìgò kan, mo fi òkúta họ ẹnu rẹ̀ títí tí kò fi lè gé mi lọ́wọ́ mọ́, mo fi í bọ ìka, mo sì ń fi í yọ̀ lórí okùn láìtẹ okùn náà kan irin. Èmi kọ́ ni mo dá ìyẹn sílẹ̀ o. Àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi, Demola Adepoju sì fi gìtá tí a ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì, tí a ń fi irin yọ̀ lórí rẹ̀, bu iyì kún orin jùjú King Sunny Adé. Ibi tí iṣẹ́ tiwa ti yà ni pé orin dídùn kọ́ ni mò ń fi ọrùn ìgò wá. Ọ̀rọ̀ ni mò ń wá. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi wà lórí "ẹ kú ilé o" nìkan. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó mi dáhùn láti ilé ìdáná pé "Ẹ káàbọ̀", bẹ́ẹ̀ sì ni n kò tíì sọ ohun tí mò ń ṣe fún un rí. Mo gbé gìtá sílẹ̀, mo sì sunkún.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Abẹ́òkúta kọ̀wé, pẹ̀lú ìbínú díẹ̀, pé orin òyìnbó ni rọ́ọ̀kì, pé kí ni ọmọ Yorùbá ń wá níbẹ̀. Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ rẹ kò bí mi nínú, ṣùgbọ́n n kò gbà á. Rosetta Tharpe, tí wọ́n bí sí Cotton Plant ní ìpínlẹ̀ Arkansas ní 1915, ọmọ ìjọ ni, aláwọ̀ dúdú ni, ó sì ti ń fi gìtá oníná yin Ọlọ́run kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ayé ń pè ní baba rọ́ọ̀kì tó mọ bí a ṣe ń di gìtá mú. Ní ti ilé níbí, Ginger Baker, onílù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó sì dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan sílẹ̀ ní Ìkẹjà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ti ń fọwọ́ kan gìtá oníná kí ó tó dé. Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu dá BLO sílẹ̀, orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì ti yọ orúkọ ẹgbẹ́ náà. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1973. Ọdún náà gan-an ni àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory's ní Èkó, tí wọ́n ń jẹ́ Ofege, gbé tiwọn náà jáde. Ó ń dùn mí pé òkè òkun ni wọ́n ti tún àwọn àwo wọ̀nyí tẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ̀ pé wọ́n wà. Bàbá rẹ lè ti jó sí wọn. Bi wọ́n léèrè.

Obìnrin kan tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀ fẹ́ mọ bí ohùn tí mo ti lù tẹ́lẹ̀ ṣe ń padà wá nígbà tí ọwọ́ mi ti wà lórí òmíràn, ó sì béèrè bóyá a ti gbà á sílẹ̀ láti ilé. Rárá o, kò sí ohun tí a gbé wá láti ilé. Àpótí kékeré kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi tí ń gba ohun tí mo bá lù sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí ó sì ń tú u jáde padà. Ṣùgbọ́n inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, nítorí pé ọ̀nà àtijọ́ ni mo fi kọ́ ọ, mo sì fẹ́ kí ẹ rí i bí mo ṣe rí i.

Mo ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ onítéèpù méjì, èyí tí kẹ̀kẹ́ téèpù rẹ̀ tóbi bí àwo oúnjẹ, lọ́wọ́ ẹnìkan tí ó ń tún rédíò ṣe ní Ìbàdàn. A gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Téèpù kan ṣoṣo ni: ó jáde láti ara ẹ̀rọ kìíní, ó la afẹ́fẹ́ kọjá, ó sì wọ ara ẹ̀rọ kejì. Ẹ̀rọ kìíní ń kọ ohùn gìtá sórí téèpù. Nígbà tí ibi tí ohùn náà wà bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kejì, ẹ̀rọ kejì á kà á, á sì fi í ránṣẹ́ padà sí ẹ̀rọ kìíní láti tún un kọ mọ́ èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lù. Sẹ̀ǹtímítà 19 ni téèpù ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà, bí ibi tí kìíní ti ń kọ bá fi sẹ̀ǹtímítà 95 jìnnà sí ibi tí èkejì ti ń kà, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ni ohùn yóò fi rin ìrìn àjò rẹ̀ kí ó tó dé. Bí mo bá fẹ́ kí ó pẹ́ sí i, àfi kí n ti ẹ̀rọ kejì sẹ́yìn. Tí atẹ́gùn bá gba ojú fèrèsé wọlé, téèpù á gbọ̀n, gbogbo ohùn á sì gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Ohùn tí ó bá ti rin ìrìn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá á ti gbó, ẹnu rẹ̀ á ti kú, á dà bí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Àpótí abẹ́ ẹsẹ̀ kò mọ èyí ṣe, àárò rẹ̀ sì máa ń sọ mí.

Terry Riley, olórin ọmọ Amẹ́ríkà, ti ṣe irú rẹ̀ ní Paris ní 1963. Ní 1972, Robert Fripp, onígìtá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Brian Eno, olórin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lo irú ẹ̀rọ méjì bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1979, Fripp gbé gìtá àti ẹ̀rọ rẹ̀ káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó sì ń lù ú nínú ilé ìtàwo àti ilé oúnjẹ, níwájú ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n lè nawọ́ kàn án, ó sì máa ń dáhùn ìbéèrè wọn. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ti pinnu pé bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ọ̀rọ̀ nípa orin wa, n kò ní dákẹ́.

Àwọn kan béèrè nípa ohùn "hùùù" tí ó wà nísàlẹ̀ gbogbo orin náà. Jẹnẹrétọ̀ ni. Iná wa máa ń gbọ̀n ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí sì súnmọ́ ohùn ìsàlẹ̀ tí àwọn olórin ń pè ní G, tí ó ń gbọ̀n ní ìgbà 49, pẹ́kípẹ́kí. Dípò kí n máa bá a jà, mo yí okùn gìtá mi bá a mu. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn tí wọ́n ni gbọ̀ngán tan ẹ̀rọ amúlétutù nígbà tí a ti dé ìdajì eré, jẹnẹrétọ̀ mí kanlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀, gìtá mi sì di ohun tí kò bá a mu mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bi mí ìdí tí mo fi dẹ okùn lójú yín, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù, òun sì ni mo ti ń gbé kiri láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ní ìparí eré, gìtá ń sọ ohùn mẹ́ta, òkè, àárín, òkè, àpótí sì ń dá a padà ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. "Ó ti dé" ni mo ní lọ́kàn. Mo ro ẹni tí ó ti ìrìn àjò jíjìn dé. Ìyá yìí sì kọ̀wé pé ọkọ àwọn ti di olóògbé ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, pé "Ó ti kú" ni àwọn gbọ́, pé bí ó ti ń padà wá tí ó tún ń padà wá ni àwọn dìde, tí àwọn sì lọ dúró lẹ́bàá ọkọ̀. Wọ́n béèrè pé èwo ni mo sọ.

Mo ka ìwé náà fún ẹ̀gbọ́n wa onígángan, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Àyàn láti Ọ̀yọ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá fi kọ̀ǹgọ́ lu ohùn mẹ́ta náà fún mi, wọ́n ní, "Ó ti dé. Ó ti tó. Ó ti kú. Ọ̀kan náà ni lórí awọ." Wọ́n ní ìdí nìyí tí ọmọ Àyàn kì í fi ohùn mẹ́ta sílẹ̀ ní òun nìkan, pé gbólóhùn gígùn ni wọ́n máa ń gbé e sí, kí ẹni tí ń gbọ́ lè mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà. Mo ti ń wá ohùn ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, n kò sì mọ èyí.

Màmá, "Ó ti dé" ni ọwọ́ mi sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ gbọ́ wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́, ẹ kò ṣì í gbọ́, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín pé mo fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá tún lù ú, ẹ̀gbọ́n wa yóò máa fi "ẹ ṣílẹ̀kùn" tẹ̀lé e lórí gángan kí gìtá tó padà dé. Bí ẹ bá fẹ́ wá gbọ́ ọ, a ti fi àga kan pamọ́ fún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹ ti lè jáde nígbàkígbà tí ó bá wù yín.