Ohun tí mo kọ́ lára Arago, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọn ilẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi nídìí iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, ẹni tí mo fi ń ṣe àwòkọ́ṣe ni François Arago, ará Faransé tí wọ́n bí ní Estagel lọ́dún 1786. Iṣẹ́ wa yìí ló fi bẹ̀rẹ̀, kó tó di olóṣèlú.

Lọ́dún 1806, wọ́n rán òun àti Biot, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé bíi tirẹ̀, lọ sí Sípéènì láti parí wíwọn ìlà òòró ayé, láti àríwá sí gúúsù, tó gba Paris kọjá. Biot padà sílé, Arago dúró. Nígbà tí ogun Faransé àti Sípéènì bẹ́ lọ́dún 1808, orí òkè kan ní erékùṣù Majorca ló wà, tó ń tan iná lóru kí wọ́n lè fi wọn igun láti òkèèrè. Àwọn ará ibẹ̀ ní amí ni, pé ọmọ ogun Faransé ló ń fi iná pè. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń wo àjèjì tó gbé irin-iṣẹ́ dúró sórí ilẹ̀ onílẹ̀! Ó ní láti sá wọ ẹ̀wọ̀n Bellver kí wọ́n má baà lù ú pa. Ọkọ̀ apẹja ló gbé e sá lọ sí Algiers. Nígbà tó tún forí lé Marseille, àwọn ará Sípéènì mú un lójú òkun. Oṣù Keje ọdún 1809 ló tó délé, pẹ̀lú gbogbo iye tó ti wọ̀n. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n gbà á sí Akadẹ́mì Sáyẹ́ǹsì, ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ ilẹ̀ Faransé, ọmọ ọdún 23. Nítorí náà, bí òjò bá ká yín mọ́ oko, ìwé tẹ́ ẹ kọ iye sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rá wé. Aṣọ á gbẹ.

Lẹ́yìn náà, Fresnel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé kan, ní ìgbì ni ìmọ́lẹ̀. Poisson, àgbà nínú ìṣirò, fèsì pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò yọ láàárín òjìji ohun róbótó, èyí tí kò bọ́gbọ́n mu lójú rẹ̀. Arago kò bá a jiyàn. Ó fi ìda lẹ irin pẹlẹbẹ róbótó kan, mìlímítà 2 péré, mọ́ gíláàsì, ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ó sì yẹjú wò ó. Ìmọ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ìwà yìí ló bá a dé ìdí òṣèlú. Lọ́dún 1848 tí wọ́n lé ọba, òun ni mínísítà ọmọ ogun ojú omi àti ilẹ̀ àmúsìn. Kò kọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n tú àwọn ẹrú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Schœlcher, tó ń jà kí wọ́n fòpin sí ìmúnilẹ́rú, tó ti rìn dé àwọn erékùṣù Karíbíánì tí wọ́n ti ń kó ẹrú ṣiṣẹ́, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Senegal dé, wá bá a. Arago gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ó yí ọkàn padà. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin, àṣẹ ìtúsílẹ̀ jáde. Ó tún fòpin sí nína àwọn atukọ̀ ní ẹgba.

Ibì kan wà tí mi ò ti lè gbè é lẹ́yìn. Oṣù Karùn-ún ló di olórí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tó ń ṣèjọba. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ìgbìmọ̀ náà fẹ́ tú iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún àwọn aláìníṣẹ́ Paris ká, ni ìgboro bá dàrú, wọ́n sì da ọmọ ogun sí wọn. Ẹni tó gbọ́ ti Schœlcher kò gbọ́ ti àwọn yẹn.

Lọ́dún 1852, ó kọ̀ láti búra fún Louis-Napoléon tó ti gba ìjọba Faransé. Ìjọba náà ò lè lé e: wọ́n yọ̀ǹda fún un kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ láìbúra.