Kí A Mọ Ara Ẹṣin Wa Kí Àìsàn Tó Dé

Ní ìdílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé ni ilé ẹṣin máa ń kún, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹṣin tí a ń gùn lọ sí Ojúde Ọba ni a ń rà láti Òkè Ọya, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì ń gbé wọn wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọdún tí ìtọ́jú wọn kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn kọ koríko sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kẹta tó dé. Mo pe dókítà ẹran lórí fóònù, ó sì bi mí pé ìgbà mélòó ni ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú kan, àti pé mélòó ni ó máa ń lù nígbà tí ara rẹ̀ bá dá. N kò rí ìkankan dáhùn. Ẹṣin náà yè, ṣùgbọ́n ìtìjú alẹ́ ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára mi.

Ọkàn ẹṣin tó ti dàgbà, tó sì dúró jẹ́ẹ́, máa ń lù láàárín ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà lábẹ́ egungun àgbọ̀n tí a lè fi ìka méjì wá, tàbí kí a gbé stethoscope, ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbọ́ ìró ọkàn, sí ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ ẹsẹ̀ iwájú òsì. Ìró méjì tó tẹ̀ léra ni a óò gbọ́ níbẹ̀, ẹyọ kan ni a sì ń ka méjèèjì sí. Mo máa ń kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí n tó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Kò yẹ kí a kà á nígbà tí ìbọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dún tàbí tí ẹṣin mìíràn ń yán nítòsí. Bí ó bá ju 60 lọ nígbà tí ẹṣin ń sinmi, dókítà ni kí a pè, kì í ṣe àgbo. Ní ti èémí, a máa wo ìhà rẹ̀ bí ó ti ń wú tó sì ń rọ̀: ìgbà 8 sí 16 ní ìṣẹ́jú kan ni.

Ooru ara ni mo fi ọwọ́ pàtàkì jù lọ mú, nítorí ilẹ̀ tí a wà. Láti ayébáyé ni àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri ti ń pa ẹṣin ní ilẹ̀ igbó, ibà rẹ̀ a sì máa lọ, a máa bọ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wọn ooru lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè rò pé kò sí nǹkan. Nítorí náà, àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń wọ̀n ọ́n. Mo máa ń fi fasilíìnì pa tẹmomítà, mo máa ń so okùn mọ́ ọn, mo sì máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí ẹṣin kó má baà ta mí nípàá, kí n tó tì í bọ ihò ìdí rẹ̀. Ó yẹ kó wà láàárín 37.5 sí 38.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ibà bá ń pààrà rẹ̀, tó ń rù bó tilẹ̀ ń jẹun, tí erìgì rẹ̀ sì ń funfun, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ kejì.

Erìgì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó yẹ kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kó sì lómi lára. Bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí ó fi funfun, àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì.

Lẹ́yìn èyí, mo máa ń gbé etí lé ikùn rẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ikùn tó ń kùn kì í bà mí lẹ́rù. Èyí tó dákẹ́ rọ́rọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí pé ẹṣin kò lè bì, ohun tó bá há sí i nínú kò ní ọ̀nà àbọ̀. Bí ó bá ń bojú wo ìhà rẹ̀, tó ń fi pátákò walẹ̀, tó ń làágùn, tó sì ń yí gbiri nílẹ̀, inú ń run ún nìyẹn.

Ìwé tí mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí wà lára ìlẹ̀kùn ilé ẹṣin, pẹ̀lú nọ́ńbà dókítà lójú ìwé àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá wà nílé lóru lè kà á sí i létí.